Aago Méje Ààbọ̀ Òwúrọ̀ Ni

Ẹ̀yìn Ọjà Ọba,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ Keje, Oṣù Kẹwàá, 2017.

Ẹ̀gbọ́n mi Kọ́láwọlé,

Mo kí yín láti Àkúrẹ́ o. Ṣé ara yín le? Ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ń kọ́ ní Oǹdó? Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà. Ó ti pé ọdún kan tí ẹ ti kúrò ní ilé iṣẹ́ wa, n kò sì kọ̀wé sí yín rí. Ẹ má bínú.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ṣì rú mi lójú. Ẹ rántí pé ìròyìn òpin oṣù gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Bísọ́dún, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Láti ìgbà tí irúgbìn tí ilé iṣẹ́ wa ń tà kò ti tà mọ́, ẹni tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilé ló ń lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó parí oṣù, mo wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ láti Ìgbàrà-Òkè, mo sì fi ímeèlì tèmi ránṣẹ́ ní aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀gá pè mí. Ó ní, “Ìbùkúnọlá, aago méje ààbọ̀ alẹ́ lo fi iṣẹ́ rẹ ránṣẹ́.” Mo ní, “Sà, òwúrọ̀ ni.” Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi: 7:30. Mo sáré lọ wo tèmi: 07:30. Ẹ̀gbọ́n, ó dé ibì kan tí èmi fúnra mi ń rò ó pé àbí alẹ́ ni lóòótọ́?

Mo bẹ ọ̀gá, mo sì fi ímeèlì mìíràn ránṣẹ́ sí i lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Tèmi kọ 14:15, tirẹ̀ kọ 2:15. Ó ní, “Aago mẹ́rìnlá? Aago wo ló ń lù tó bẹ́ẹ̀?” Ìgbà tó yá ló yé mi pé tèmi kì í dúró ní méjìlá, tirẹ̀ sì ń padà sí ení lẹ́yìn ọ̀sán láìsọ èyí tó jẹ́ àárọ̀ tàbí alẹ́. A wá ibi tí wọ́n ti ń yí i padà nínú ímeèlì títí, a ò rí i. Àṣé inú ètò aago kọ̀ǹpútà ọ̀gá gan-an ló wà. Mo yí i, mo pa ímeèlì dé, mo tún un ṣí. 07:30 jáde. Ọ̀gá ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

N kò tíì dìde. Mo ní, “Sà, ti Ẹ̀gbọ́n Kọ́láwọlé ń kọ́?” Mo wá orúkọ yín títí mo fi rí ìròyìn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá yín dúró: 08:05, kì í ṣe 20:05. Ọ̀gá wò ó pẹ́, ó wá ní, “Ìyẹn ti kọjá. Má sọ ọ́ síta.”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pariwo títí lọ́jọ́ náà pé òwúrọ̀ ni. Èmi tí mo jókòó tì yín, mo ní bóyá ẹ gbàgbé ni. Ẹ dárí jì mí. N kò mọ̀ bóyá kí n bá yín yọ̀ ni tàbí kí n bá yín sunkún, n kò sì mọ ohun tí yóò bá mi bí ọ̀gá bá gbọ́ pé mo kọ ìwé yìí. Ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú ni pé ẹ kò pẹ́.

Ọlọ́run yóò dá yín láre lójú gbogbo ènìyàn. Ilé yín kò ní dàrú, iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní bọ́.

Èmi ni àbúrò yín lẹ́nu iṣẹ́,
Ìbùkúnọlá.

Àfikún: Mo ti tẹ ojú ìwé tí 08:05 wà lórí rẹ̀ jáde. Òun ni mo ká sínú àpò ìwé yìí. Ẹ mú un dání bí ẹ bá ń bọ̀ ní Àkúrẹ́.