Màmá Fèrèsé, Ayàwòrán-Ilé Tó Bá Iṣẹ́ Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Jà

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ pa iṣẹ́ yín tì wá bá wa kẹ́dùn, inú ilé tí kò tíì ní òrùlé ni wọ́n bí màmá wa sí, ní ọdún 1950. Bíríkìlà ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Nítorí pé bíríkìlà náà ló tún máa ń ṣọ́ ilé tó bá ń kọ́ lọ́wọ́, inú ilé onílé ni gbogbo ẹbí ń gbé. Bí wọ́n bá ti so ilẹ̀kùn àti fèrèsé mọ́ ọn tán, tí ilé wá di ilé, ẹrù yá nìyẹn. Àkọ́bí ni màmá wa. Àbúrò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ẹ̀yìn màmá wa ni Àǹtí sì wà nígbà tí wọ́n ń kó kiri.

Kíkó kiri yìí mú kí wọ́n pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ bí ẹni pààrọ̀ aṣọ. Ìṣirò kò fà wọ́n sẹ́yìn níbì kankan. Ìjókòó ni wàhálà wọn. Olùkọ́ kan kọ ọ́ sábẹ́ èsì ìdánwò wọn pé: "Ọpọlọ rẹ̀ pé, ìdí rẹ̀ ni kò balẹ̀." Ní 1969 wọ́n wọ yunifásítì láti kọ́ nípa ilé yíyà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rékọjá sí òkè òkun láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn ilé gíláàsì gogoro tí gbogbo ayé ń sáré kọ́ nígbà náà, wọ́n sì gbé wọn sórí wálé.

Ní 1976 wọ́n fẹ́ bàbá wa, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní 1983, ìjọba ìlú, tí màmá wa ń bá ṣiṣẹ́, ní kí wọ́n ya ilé ọ́fíìsì ńlá kan. Alájà mẹ́sàn-án ni. Gíláàsì bò ó láti ìsàlẹ̀ dókè, kò sì sí fèrèsé kan tó ṣeé ṣí, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù ni yóò máa mí fún un. Ilé náà gba àmì-ẹ̀yẹ, ìyàwó tuntun àti ọkọ sì ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Àǹtí, tí wọ́n jẹ́ tàípíìsì, ríṣẹ́ síbẹ̀, lókè lọ́hùn-ún, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn.

Ní ọ̀sán kan nígbà ooru, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ náà sì kọ̀ jálẹ̀. Oòrùn wọ inú gíláàsì, kò rọ́nà jáde. Àǹtí dákú sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn, pẹ̀lú oyún nínú. Ẹ̀rọ agbéniròkè ti dákẹ́, àtẹ̀gùn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé wọn gbà sọ̀kalẹ̀. Àǹtí yè é. Oyún náà kò dúró.

Nígbà tí màmá wa jókòó tì wọ́n nílé ìwòsàn, Àǹtí kò bú wọn. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi wọ́n: "Ẹ̀gbọ́n mi, ilé yín rẹwà o. Ṣùgbọ́n níbo lẹ ní kí èémí gbà wọlé?"

Láti ọjọ́ náà ni màmá wa kò ti mọ ohun tó ń jẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀. Wọ́n gba ọ́fíìsì ọ̀gá iṣẹ́-òde ìjọba ìlú lọ. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n gé ara gíláàsì yẹn, kí n fi fèrèsé sí i, kí n sì ta ibòòji sí i níta."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Madam, ilé tó gba àmì-ẹ̀yẹ lẹ fẹ́ dọ́gbẹ́ sí lára? Kí la fẹ́ sọ fún àlejò?"

"Ẹ ní kí wọ́n wá bi àbúrò mi."

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, títí tí ọ̀gá náà fi pàṣẹ fún aṣọ́nà pé bí obìnrin yẹn bá dé, kó ní ọ̀gá kò sí nílé. Ní 1987 màmá wa kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń lẹ táyà, wọ́n gbé tábìlì ìyàwòrán sí i, iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya ilé ẹ̀kọ́ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú síra wọn, kí atẹ́gùn lè gba ọ̀kan wọlé, kó gba èkejì lọ. Wọ́n ya ilé àyágbé olórùlé gíga tí oòrùn ọ̀sán kì í ráyè wọ̀, tí oòrùn kan náà sì ń tanná fún láti ara pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé. Wọ́n ya òpópónà tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gba abẹ́ igi kọjá, tí ìyá ọlọ́mọ kò ní bá ọkọ̀ du ọ̀nà. Bí oníbàárà bá mú àwòrán ilé gíláàsì wá, ìbéèrè Àǹtí ni wọn yóò fi dá a lóhùn. Bí wọ́n ṣe di Màmá Fèrèsé nìyẹn.

Bàbá wa a máa sọ fún àlejò pé, "Ìyàwó mi kò fẹ́ kí ooru pa ẹnikẹ́ni. Ebi ni kó pa èmi." Síbẹ̀, àwọn ló ń wa ọkọ̀ gbé wọn káàkiri.

Ẹ má rò pé ilé wa rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ibi tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí ni bẹ́ẹ̀dì ń tẹ̀ lé. A ti ilé ẹ̀kọ́ dé lọ́jọ́ kan, a bá ihò lára ògiri pálọ̀. Àbíkẹ́yìn wa figbe ta: "Màmá, ògiri yìí ò ṣẹ̀ yín o!"

Wọ́n pè wọ́n sí ìpàdé lórílẹ̀-èdè púpọ̀, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jíròrò nípa ìlú tí kò ní í máa fi iná ṣòfò. Níbi ọ̀kan, ọ̀sán gangan ni, kọ́tìnì wà ní pípa dé, gílóòbù ń tàn yòò. Màmá wa dìde, wọ́n fa kọ́tìnì sápá kan, wọ́n pa iná, wọ́n padà jókòó. Alága ìpàdé náà ní, "Ẹ ṣeun, màmá. Ọ̀rọ̀ yín ti tó wa."

Nínú ìgbàgbọ́, wọn kò yẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń jókòó sí. Àwọn ni wọ́n rọ ìjọ títí ìjọ fi lu fèrèsé sára ògiri ẹ̀yìn. Olùṣọ́-àgùntàn wa ní Ẹ̀mí Mímọ́ pàápàá gbádùn atẹ́gùn náà.

Ní 2016, ọ̀rọ̀ ilé gíláàsì tún jí. Àwọn aláṣẹ tuntun ní ó ń jẹ iná jù, àwọn yóò wó o, àwọn yóò kọ́ èyí tó bá ìgbà mu. A rò pé màmá wa yóò jó. Ẹkún ni wọ́n sun. Wọ́n lọ bá àwọn aláṣẹ náà, pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní: "Ọ̀tá mi ni ilé yìí, mo mọ̀ ọ́n ju yín lọ. Ṣùgbọ́n iná tí wọ́n fi sun sìmẹ́ńtì rẹ̀, tí wọ́n fi yọ́ irin rẹ̀, ti jó lọ ná. Ẹ ò lè wó o kí ẹ gba iná yẹn padà. Òmíràn lẹ máa tún dá. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

Àwọn aláṣẹ gbà pé kí màmá wa fi ìhà ìwọ̀ oòrùn nìkan dán an wò. Àìsàn ti wọlé sí màmá wa lára nígbà náà, síbẹ̀ wọ́n ń fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ tọ́ka sí gíláàsì tí wọn yóò yọ. Nígbà tí iṣẹ́ parí ní 2019, wọ́n mú Àǹtí gòkè lọ sí yàrá tí wọ́n ti dákú. Àǹtí fọwọ́ ti fèrèsé. Ó ṣí. Bébà fò lórí tábìlì àwọn òṣìṣẹ́, Àǹtí sì dúró síbẹ̀ títí màmá wa fi dì wọ́n mú.

Ìhà yòókù kò tíì rí àtúnṣe. Ìyẹn ni wọ́n ń bá dókítà wọn sọ títí ẹ̀mí fi bọ́, ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá.

Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀ sáyé lọ, àti Àǹtí, àbúrò wọn; ọmọ mẹ́ta: olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ń to pánẹ́ẹ̀lì oòrùn; àti àwọn ọmọ-ọmọ tí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń sùn sí yàrá tí a tì pa.

Màmá wa, a kò gbójúgbóyà láti ní kí ẹ sinmi, a mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Kí ilẹ̀ fúyẹ́ lára yín, kí ó tutù fún yín. Ẹ sùn re o.