Wáyà Mẹ́wàá Lára Bàbá Onírin

Bàbá mi àtàtà,

Ìkòsì ni mo wà báyìí, nílé Aunty, àbúrò yín. Oṣù kẹta rèé tí mo kúrò n'Ísẹ́yìn. Mi ò tíì ní ọ̀rẹ́ kankan. Àwọn ọmọ kíláàsì wa máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kí n tó ronú ohun tí mo fẹ́ sọ, wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì. Mo kàn ń wò wọ́n ni. Ẹ mọ̀ mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń kọ́ fún yín. Ẹ̀rọ kan wà tó ń jẹ́ káádíógíráàfù. Olùkọ́ wa ní èdè àwọn ará Gíríìkì ni wọ́n ti mú orúkọ náà: apá kìíní ni ọkàn tó ń lù láyà wa, apá kejì ni kíkọ nǹkan sílẹ̀. Bébà tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ń jẹ́ káádíógíráàmù. Ní ilé ìwòsàn tí a ti ń kọ́ṣẹ́ ní Kétu, kò sẹ́ni tó ráyè ìyẹn. Í-Sí-Jì ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ, òun náà ni wọ́n ń pe bébà. Èmi fẹ́ràn orúkọ gígùn yẹn, torí ó sọ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà gan-an. Iná díẹ̀ wà nínú ọkàn olúkúlùkù wa tó ń mú kó lù. Ẹ̀rọ yìí kàn ń kọ ìrìn iná yẹn sílẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, bàbá kan tó ń ta àlòkù irin l'Ówódé Onírin wá. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, dọ́kítà sì ní àfi kí a kọ́kọ́ yẹ ọkàn wọn wò. Ìyàwó wọn gbọ́ pé àyà ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, ó fi òrí pa bàbá láti ọrùn dé ìdodo kí ara wọn má bàa funfun lójú dọ́kítà. Àyà bàbá ń dán bí àwo. Gbogbo wáyà tí ọ̀gá mi, obìnrin tó ń kọ́ wa níṣẹ́, bá lẹ̀ mọ́ ọn ló ń yọ̀ bọ́. Ìlà tó jáde lórí bébà rí jákujàku. Ọ̀gá mi fajú ro, bàbá sì rí i.

"Ó ti bàjẹ́, àbí?"

"Rárá, Daddy. Òrí ni. A máa nù ún kúrò."

Ó da sípírítì sára òwú. Bó ṣe kan àyà bàbá báyìí, wọ́n fò dìde.

"Iná yín ti gbé mi! Wáyà mẹ́wàá! Ṣé jẹnẹrétọ̀ ni mí ni?"

"Sípírítì ni, Daddy. Ó kàn tutù ni."

"Ó tutù o, ó gbóná o, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi."

Wọ́n ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà wọn. Bàbá mi, mo ti rí èyí rí. Ẹ̀yin náà rí wáyà yẹn nílé ìwòsàn n'Ísẹ́yìn, ẹ ní kò sẹ́ni tó máa fi iná gbé yín, ẹ wọ ẹ̀wù yín. Fìlà yín wà lọ́wọ́ mi. Mo nà án sí yín dípò kí n bẹ̀ yín kí ẹ dúró. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí ọkàn yín dáṣẹ́ dúró. Kí ló dé tí mo fún yín ní fìlà yẹn?

Bàbá onírin ti rí bàtà kan. Ibẹ̀ ni mo ti rántí bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ ò jẹ́ tú ẹ̀rọ ìlọta oníbàárà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa gbé àpótí fún un kó jókòó, ẹ máa fi ohun tí ẹ bá tú hàn án, ì báà jẹ́ ìyá tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì. Àwọn mẹkáníìkì yòókù ń fi yín rẹ́rìn-ín pé ẹ ń pẹ́ jù. Mo ti rí àwọn ọ̀mọ̀wé l'Ékòó níbí, Bàbá mi, mi ò tíì rí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún èèyàn tó yín.

Mo fa àga kan síwájú.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ wò mí."

Mi ò sọ̀rọ̀ sókè nínú yàrá yẹn rí. Mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo há wáyà mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi, mo ní kí ọ̀gá mi tan ẹ̀rọ. Bébà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bàbá na ọrùn.

"Ṣé kò ta ọ́?"

"Kò ta mí, sà."

"Kí ló wá ń ṣe?"

"Ó ń kọ̀wé ni, sà. Kò fi nǹkan kan sí mi lára, kò sì mú nǹkan kan."

Wọ́n wo bébà náà títí. "Ọkàn ẹ mà ń sáré o."

"Ẹ̀rù yín ló ń bà mí, sà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bọ́ bàtà kan yẹn, wọ́n dùbúlẹ̀. Ọ̀gá mi nu òrí náà kúrò, wáyà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì lẹ̀.

Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pàápàá rí i pé ìlà ọkàn wọn ń já níbi tí kò yẹ kó ti já. Dọ́kítà dá iṣẹ́ abẹ náà dúró, wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú ọkàn. Ó ní bí wọ́n bá gbé bàbá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, kò dájú pé bàbá á jí.

Ṣé ẹ̀ bá padà dùbúlẹ̀, Bàbá mi, ká ní mo kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ lójú yín? Mi ò mọ̀. Ọ̀gá mi ti ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà. Lónìí, èèyàn mẹ́ta ló dìde pé àwọn ń lọ ilé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló padà dùbúlẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń gbìyànjú láti máa ṣiṣẹ́ bíi tiyín.