Ọta Ńlá Nínú Ìbọn Ọ̀kẹ́rẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi Verlin,

Ọta Denzil ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ara ọ̀kẹ́rẹ́ kọjá, ó la pákó ògiri, ó wọnú bàsíà ìwẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Opal ọmọ mi kúrò nínú rẹ̀. Ìbọn fífúyẹ́ tí ẹ fún un, tó ń yin ọta kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, ló ní kí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ fún ọta ńlá. Ó ní, "Ọta tín-ín-rín yẹn, tọmọdé ni." Mo ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́ lò ń pa àbí àgbọ̀nrín? Ṣé ìrù tó ṣẹ́kù yìí ni màá fi se ọbẹ̀?" Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Màmá ń kí yín, ikọ́ wọn ti dẹ̀. Ọta ńlá mẹ́sàn-án ṣì wà lórí tábìlì. Ẹnu yín nìkan ni Denzil ń gbọ́. Bí ìwé yìí bá ti dé ọ̀dọ̀ yín ní Detroit, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀, Ọlọ́run á ṣọ́ yín.

Oma, àbúrò yín