Ọ̀pọ̀lọ́ Tí Kò Ní Irun Ìpéǹpéjú

Èmi, ayàwòrán, opó, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tí gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ń pè ní Ìyá Ọlọ́pọ̀lọ́, ni mo ń sọ èyí. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n iyè mi pé, ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú mi. Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, àti ìwọ lọ́yà tí mo fi ṣe alámòójútó ogún yìí, ẹ fetí sílẹ̀. Ìwé ìhágún tí mo bá ti kọ ṣáájú èyí ti di àkísà.

Ìkíní: Ilé tí mò ń gbé, pẹ̀lú òrùlé rẹ̀ tó ń jò, di ti àkọ́bí mi ọkùnrin. Mo mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ àwòrán tó ń rìn, ti àwọn ọmọdé, tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sìn ti ń pè é lọ jẹun, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé bí mo bá kú, kó ta ọ̀pọ̀lọ́ tí mo yà fún tẹlifíṣọ̀n fún wọn. Ọmọ mi, mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ kì í lè kọ oúnjẹ ọ̀fẹ́. Ilé ni tìrẹ. Ọ̀pọ̀lọ́ kò sí níbẹ̀.

Ìkejì: Ajá mi di ti aránṣọ tó múlé tì mí. Abo ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́fà ni aránṣọ fi ń pè é ní akọ nítorí pé ohùn rẹ̀ ki, ó sì ń lé mọ́tò. Kó má ṣe so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn o. Yóò bù ú jẹ.

Ìkẹta: Tábìlì oníná tí mo fi ń yàwòrán di ti oníkámẹ́rà wa àtijọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ kan níbí tí n kò sọ rí. Nílé-iṣẹ́ wa, abo ẹranko tí a bá yà kò gbọ́dọ̀ dé iwájú kámẹ́rà láìní irun ìpéǹpéjú gígùn, ètè pupa àti ìbàdí tín-ín-rín. Akọ lè sanra, eyín rẹ̀ lè ká, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ọ̀gá ní bí abo kò bá lẹ́wà, ọmọdé kò ní mọ̀ pé obìnrin ni. Mo ní abo ọ̀pọ̀lọ́ gan-an ló máa ń tóbi ju akọ lọ. Ó ní kí n lọ jókòó. Ni mo bá ya tèmi sórí àwọn rọ́bà pẹlẹbẹ tí a fi ń ṣiṣẹ́, ó sanra, ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún kókó. Irun ìpéǹpéjú, orí rọ́bà mìíràn tó mọ́ gaara ni mo yà á sí, èyí tí oníkámẹ́rà yóò gbé lé e lójú kó tó ya fọ́tò àwòrán kọ̀ọ̀kan tí yóò mú un rìn. Mo bẹ oníkámẹ́rà pé kó gbàgbé rẹ̀. Ó gbàgbé rẹ̀ ní ìgbà igba ó lé méjìlá. Kí ọ̀gá tó rí i pé kò ní irun, ó ti dé orí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọdé sì ti gba tirẹ̀. Wọ́n lé oníkámẹ́rà kúrò níṣẹ́. Mo dákẹ́, torí mo ní ọmọ méjì láti bọ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, mo sì já a kulẹ̀. Mo tọrọ àforíjì.

Ìkẹrin: Àwọn rọ́bà irun ìpéǹpéjú náà, igba ó lé méjìlá, wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn mi. Ilé-iṣẹ́ ni mo fi wọ́n sílẹ̀ fún. Ọ̀gá tuntun kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá pé kí a tún ọ̀pọ̀lọ́ náà ṣe díẹ̀, kó lè bá ìgbà mu. Kó yan èyí tó bá ojú tirẹ̀ mu.

Ìkarùn-ún: Ọ̀pọ̀lọ́ náà. Tèmi ni lábẹ́ òfin, nítorí pé nígbà tí a ń kọ àdéhùn, ọ̀gá ní ta ni yóò ra irú òbùrẹ́wà bẹ́ẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ fún mi. Mo fi í sílẹ̀ fún ọmọbìnrin mi, ẹni tí kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Lọ́yà ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fi irun ìpéǹpéjú sí i láéláé. N kò ní kọ ọ́. Ọmọ mi, èmi tí mo bá ọ̀gá jà nítorí ọ̀pọ̀lọ́, èmi náà ni mo ń ka òkèlè mọ́ ọ lẹ́nu kí o má baà sanra. Èmi ni mo fi àtíkè sí ọ lójú nígbà tí o pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí mo ní kí o máa rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mò ń pa làpálàpá. Bí o bá fẹ́, tà á. Bí o bá fẹ́, lẹ irun mọ́ ọn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí abo ṣe yẹ kó rí, kó wá bi ọ́. Èmi ti pàṣẹ fún ọ tó.

Mo fi ọwọ́ òsì tí mo fi ń yàwòrán fọwọ́ sí i, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta.

Ìyá Ọlọ́pọ̀lọ́

Ẹlẹ́rìí: nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi; ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe níwájú ilé. Àwọn méjèèjì kò ní ìpín nínú ogún yìí.