Ọwọ́ Ta Ló Ń Gbọ̀n Nínú Olófòófó?

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Keje 2025
Olófòófó ti parọ́ mọ́ mi. Ẹ̀rọ ìkọ́ṣẹ́ wa nìyẹn — ikùn rọ́bà, kámẹ́rà, irin gígùn méjì. Òun la fi ń kọ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń gba ihò tíntín ṣe. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, á kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí, èsì tuntun wà lórúkọ mi: mo fìdí rẹmi. Èmi tí mi ò fọwọ́ kàn án láti Ọjọ́bọ̀. Nọ́ńbà àṣírí tí Ọ̀gá fún mi láti máa fi ṣí i, ta ló tún mọ̀ ọ́n?

Ìṣẹ́gun, 8
Kúkúrú ni. Mákindé tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ ni mò ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú, ó ń tutọ́ funfun.

Ọjọ́rú, 9
Mo fẹjọ́ rẹ̀ sun Ọ̀gá, Dókítà Adéwùnmí. Ọ̀gá wolẹ̀ títí. Ó wá gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́ Kúkúrú. Inú mi dùn, kí n má parọ́.

Ẹtì, 11
Èsì burúkú míì. Lórúkọ mi. Kúkúrú ò sì ní kọ́kọ́rọ́.

Àìkú, 13
Màmá pè láti Imasayi. Ọjọ́bọ̀ ni Ọ̀gá máa yọ àpò òróòro rẹ̀ tó kún fún òkúta. Ó ní ọwọ́ Ọ̀gá tó gba òun là lọ́jọ́ tí wọ́n fi abẹ gbé mi jáde, ọwọ́ náà nìkan ni kó tún wọ ikùn òun.

Ajé, 14
Tábìlì Olófòófó, tó yẹ kó mọ ní ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó ń lò ó — ẹnì kan ti fà á sókè dé àyà mi. Bákan náà sì ni èmi àti Kúkúrú ga mọ. Ọ̀gá ló ga nínú wa.

Ìṣẹ́gun, 15
Mo yọ́ wọlé lọ́sàn-án. Ọ̀gá ni. Irin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ òsì ń gbọ̀n. Kò yíjú. Ó ní, "Ojú ló tì mí láti rí irú èsì yẹn lórúkọ ara mi."
Ó mọ̀ pé Kúkúrú ò jẹ̀bi, ó sì dákẹ́. Inú bí mi gan-an. Mo ní Màmá mi ńkọ́?
"Mákindé ló máa ṣe é, màá dúró tì í. Mo ti ṣàlàyé fún màmá ẹ, wọ́n sì ti gbà."

Ọjọ́rú, 16
Mo kúnlẹ̀ bẹ Mákindé. Kò bú mi, kò sì ní kí n dìde. Ó fa tábìlì wálẹ̀ dé ìwọ̀n ara rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà tirẹ̀, ó ní kí n máa wo ọwọ́ òun títí ọkàn mi á fi balẹ̀. Mi ò lè wò ó lójú. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò.