Ìwé Kékeré Tó Bọ́ Sọ́wọ́ Alábẹ̀wò

Ilé-ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kejì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé-ẹ̀kọ́,
Yàrá Kẹrìnlá, Àjà Kejì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá mi,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ OLÙKỌ́ KÍLÁÀSÌ KẸRIN TÍ Ẹ NÍ KÓ LỌ RỌ́Ọ́KÚN NÍLÉ

1. Ìwé kẹta tí mo kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Akọ̀wé yín ní òun rí méjì àkọ́kọ́, pé wọ́n wà lórí tábìlì. Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́.

2. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ pe gbogbo àwa ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ jọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ní ká yé jágbe mọ́ olùkọ́, ká máa béèrè, ká máa fetí sílẹ̀, kí olùkọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń jágbe. Mo sì kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́. Àwọn olùkọ́ sọ mí ní Ìyá Oníbéèrè, mo sì ń jẹ́ ẹ.

3. Olùkọ́ kíláàsì kẹrin ló kọ́kọ́ gbà á tọkàntọkàn. Ní ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn ọmọ bá ti lọ, yóò jókòó sí ọ́fíìsì mi, yóò ṣí ìwé kékeré kan tó máa ń fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ohun tó ń kọ síbẹ̀ kì í ṣe ohun tí olùkọ́ ń jẹ́ kí ọ̀gá rí: "Ìṣirò ìdá kò yé èmi alára dáadáa." "Mo pariwo mọ́ ọmọbìnrin tó ń kólòlò, ojú sì tì mí." Èmi á bi í pé kí ló fẹ́ gbìyànjú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí sáà tó parí, ọmọbìnrin yẹn ń kàwé sókè fún gbogbo kíláàsì. Mo jókòó lẹ́yìn lórí àga ọmọdé, mo gbọ́ ọ, omi bọ́ lójú mi.

4. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kìíní, alábẹ̀wò yín dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó béèrè ìwé ètò ẹ̀kọ́, ó kó wọn lọ. Ìwé kékeré náà wà láàárín wọn. Lọ́sẹ̀ kejì ni ẹ ní kí olùkọ́ náà lọ rọ́ọ́kún nílé. Gbogbo ẹ̀sùn tí ẹ fi kàn án, ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni.

5. Àwọn olùkọ́ tó kù ṣì ń wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń kọ: "Ó lọ dáadáa." N kò bá wọn wí.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ìjókòó ogúnjọ́ oṣù yìí tó pinnu pé kó máa lọ pátápátá. Ẹ dá ìwé rẹ̀ padà fún òun, kì í ṣe fún èmi.

7. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n kọ èyí tẹ́lẹ̀. Mo ṣèlérí fún un pé ẹni kẹta kò ní rí ìwé náà. Nígbà tí alábẹ̀wò nawọ́, ẹ̀rù bà mí bí ọmọ iṣẹ́, mo gbá gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì mi jọ, mo sì fọwọ́ ara mi gbé e fún un. Olùkọ́ náà rò pé wọ́n tú ọ́fíìsì mi ni. N kò tíì sọ òótọ́ fún un. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ṣẹ̀, èmi nìyí.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni òṣìṣẹ́ yín,
Ọ̀gá Àgbà, Ilé-ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kejì.

Ẹ̀dà kan: sí Olùkọ́ Kíláàsì Kẹrin, nílé rẹ̀.