A Dúpẹ́ Kì Í Ṣe Ìdáhùn

Akínsànyà, ọdún mẹ́rin rèé tí wọ́n gbé òkú rẹ bọ̀ láti ojú ogun lókè Ọya, Fọlákẹ́mi ìyàwó rẹ kò tíì fìdí kalẹ̀.

Ilé tí o kọ́ dé ojú fèrèsé ní Oǹdó ti parí. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ rẹ ti wọ yunifásítì. Olúfẹ́mi àbúrò rẹ̀, tí o máa ń gbé kọ́ ọrùn, ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó sì ń rìn bí ìwọ gan-an. Gbogbo rẹ̀, Fọlákẹ́mi ló ṣe é. Ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́. Bí ọjọ́ Ẹtì bá ti dé, ó ti wà nínú mọ́tò Oǹdó, kó lè fọṣọ Màmá tó bí ọ, kó sì lè bá bíríkìlà fa ọ̀rọ̀ nígbà tí ilé kò tíì parí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àmín ìkẹyìn kì í bá a nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti dé gáréèjì.

Ẹni tó bá bi í pé ṣé dáadáa ni, "A dúpẹ́" ni yóò gbọ́. Ibà dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, a dúpẹ́. Àwa ará ilé ní obìnrin bí ọkùnrin ni. Òun náà gbọ́, kò sì rọrùn kí ènìyàn sọ irú oríkì bẹ́ẹ̀ kalẹ̀.

Ìwọ ò ní gba "A dúpẹ́" lẹ́nu rẹ̀. Àwọn sójà mìíràn, ìbọn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ìwọ, ìbéèrè ni. Kí ikọ̀ kan tó lọ sójú ogun, ìwọ ni wọ́n ń rán lọ wọn ìfaradà wọn: bí wàhálà bá gbé wọn ṣubú, ṣé wọ́n á lè jọ dìde? Ohun tí o kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni pé, ta ló ti rẹ̀? Àwọn ọmọ Yorùbá inú wọn á ní, "A dúpẹ́, sà." Òdo lo máa ń fún wọn. O ní ikọ̀ tó ti rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ, ọjọ́ tí ẹnì kan bá ṣubú ni àwọn yòókù máa ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Fọlákẹ́mi a máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ń gba owó oṣù ìjọba torí àtisọ pé ó rẹ òun.

Lọ́jọ́ Sátidé tí a ṣe ìrántí ọdún kẹrin rẹ, Àlíù ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ jọ wà ní ikọ̀ kan, wá láti bárékè. Fọlákẹ́mi ń gbé oúnjẹ fún àlejò, ó ń kó abọ́, ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde.

Àlíù ní, "Mà, ṣé kò tíì rẹ̀ yín?"

"A dúpẹ́."

Àlíù ò kúrò níwájú rẹ̀. "Ọ̀gá ò gba ìyẹn lọ́wọ́ wa rí, mà."

Fọlákẹ́mi dúró. Àwo kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ilé ń wò ó, Akínsànyà, ó sì mọ̀ pé bí òun bá lanu sọ ọ́, oríkì ọdún mẹ́rin á bọ́ sílẹ̀.

"Ó rẹ̀ mí," ló wí. "Láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ló ti rẹ̀ mí."

Màmá tí orúnkún ń dùn ló kọ́kọ́ dìde. Ó gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Jókòó, ọmọ mi. Mo ti ń retí kí o sọ ọ́, kí èmi náà lè ráyè sọ tèmi." Bísọ́dún ẹ̀gbọ́n rẹ ní láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun lòun á máa wá sọ́dọ̀ Màmá. Ìyàwó rẹ jókòó sórí àga rẹ, ó sì sùn lọ láàárín àlejò, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Àárò rẹ ṣì ń sọ wá, Akínsànyà. A ò ní í parọ́ fún ọ pé a dúpẹ́. A fẹ́ràn rẹ, ó sì ti rẹ̀ wá. Má fún wa ní òdo.